Jíbọ́lá Tó Gbọ́ Èdè Sé

Bí fáàrí bá ṣeé ná lọ́jà ni, Jíbọ́lá ì bá ti fi ra gbogbo ọjà Mont-Bouët, kó sì gba ṣéńjì.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe fún Ọ̀gá Mákindé tó ń ta ẹja inú yìnyín ní àdúgbò Lalala, ní Libreville. Èdè tó fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ń jẹ́ C. Àwọn ará Libreville ń fi Faransé pè é ní "Sé".

"Ẹ̀yin gbọ́ Faransé," ni yóò máa wí, "èmi gbọ́ Sé fúnra rẹ̀!"

Nínú kọ̀ǹpútà yìí, gbogbo nǹkan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀: òṣìṣẹ́, ẹja, fìríìsà, títí kan Médor, ajá tó ń ṣọ́ ọgbà. Ẹ̀rọ kò mọ orúkọ. Nọ́ńbà lẹ máa pè kó tó mú ẹni tẹ́ ẹ ń wá jáde láti orí ìlà tó jókòó sí. Wọ́n ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Lọ́dọ̀ tiwọn, nọ́ńbà ọmọ ní í ro ọmọ.

Ni dévaluation bá dé! Owó séfà wó lulẹ̀, ọjà gbówó lórí. Ọ̀gá ní bí Jíbọ́lá bá lè sọ iye owó ẹja inú kọ̀ǹpútà di ìlọ́po méjì kó tó di Mọ́ńdè, òun á fi í jẹ chef, olórí gbogbo òṣìṣẹ́. Ẹ wò ó, Jíbọ́lá ti sọ fún ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pé òun ti jẹ ẹ́ tipẹ́!

"Ìyẹn lásán?" ni Jíbọ́lá wí. "Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ kọ̀ǹpútà tútù!"

Ó pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé gbogbo nọ́ńbà tó bá rí, kó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Kíkẹ́lọmọ, akọ̀wé, yọjú. "Bọ̀dá Jíbọ́lá, gbogbo nọ́ńbà kẹ̀?"

"Lọ jókòó, jàre!"

Ní Mọ́ńdè, ẹ̀rọ tẹ ìwé tuntun fún gbogbo òṣìṣẹ́. Cyprien awakọ̀ ti di Ọ̀gbẹ́ni Fìríìsà. Kíkẹ́lọmọ di Mademoiselle Sardine. Òógùn bo Jíbọ́lá.

Ọ̀gá wọ awò ojú, ó ka ìwé oyè tí ẹ̀rọ tẹ̀. "Chef wa tuntun ni... Médor!"

Ọwọ́ tó fẹ́ pàtẹ́wọ́ dúró sókè.

"Èmi ni, sà!" Jíbọ́lá figbe ta. "Nọ́ńbà méje ni mí. Ìlọ́po méjì sọ mí di mẹ́rìnlá, mẹ́rìnlá sì ni ìlà tí ajá jókòó sí! Èmi ni Médor!"

Ọ̀gá yọ awò ojú. "Ìwọ ni Médor?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà!"

"Ó dáa. Gbó ká gbọ́."

Ojú ti Jíbọ́lá débi pé bí ilẹ̀ bá lanu, ì bá wọlé. Ṣùgbọ́n ó rántí ìyá àfẹ́sọ́nà. Ó gbó.

Médor tó sùn sẹ́nu ọ̀nà la ojú kan, ó wò ó tìkà-tẹ̀gbin, ó sì dijú padà. Kò tilẹ̀ dá a lóhùn.