Ọkùnrin Tí Obìnrin Kò Lè Kọ̀

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tó dúró níwájú dígí mọ́tò onímọ́tò, tó ń fi ìka tún irun jẹ́ríkọ́ọ̀lù ṣe, ẹ má pariwo olè. Theophilus Fádípẹ̀ ni, Awodígí-má-tètè-kúrò, akọ̀wé tó ń ṣiṣẹ́ ní Odògbólú, tí òróró irun rẹ̀ ti ba ọrùn ẹ̀wù mẹ́fà jẹ́.

Lọ́dún 1984, ó rí ọ̀rọ̀ òyìnbó kan nínú ìwé atúmọ̀ èdè tó dùn mọ́ ọn ju ìkọ́kọrẹ́ lọ: irresistible. Kò wá ẹlòmíràn tí yóò fi pè. Ara rẹ̀ ló fi pè.

Oṣù yẹn gan-an ló fẹ́ lọ tọrọ Adétóun, tíṣà, ọmọ Bàbá Ṣíjúadé. Ká má purọ́, ó fẹ́ràn ọmọ náà dénú. Àbúrò bàbá rẹ̀, Bàbá Simeon, ti kọ lẹ́tà ìtọrọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, pé àwọn rí òdòdó rere kan nínú ọgbà yín. Theophilus kà á, ó rẹ́rìn-ín.

"Òdòdó ló kún ibí látòkè délẹ̀, sà. Èmi dà?"

Ló bá fi taipuráítà ọ́fíìsì tẹ tirẹ̀, ojú ìwé méjì gbáko.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n gbé iṣu, orógbó àti oyin wọ pálọ̀ Bàbá Ṣíjúadé. Matilda, àbúrò Adétóun, dìde ka lẹ́tà náà sétí ẹbí méjèèjì. Ìrìn Theophilus, irresistible. Ẹyinjú rẹ̀, irresistible. Ìfọwọ́kọ̀wé rẹ̀ pàápàá, irresistible, nínú lẹ́tà tí taipuráítà tẹ̀. Ìgbà méje ni ọ̀rọ̀ náà jáde. Adétóun wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó ń retí ìgbà tí wọ́n máa dárúkọ òun.

Bàbá Ṣíjúadé, àgbẹ̀ tí kò gbọ́ òyìnbó, gbọ́wọ́ sókè.

"Ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ ṣáá yìí, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Àgbà ló yẹ kó dáhùn. Kí Bàbá Simeon tó lanu, Theophilus ti dìde.

"Ọkùnrin tí obìnrin kò lè kọ̀ ni, sà. Tó bá ti fà á mọ́ra, agbára obìnrin náà tán."

"Títí kan ọmọ tèmi?"

"Ó ti fà á tán, sà."

"A jẹ́ pé kò yẹ ká tún bi í léèrè."

"Ẹ bi í nítorí àṣà, sà. Ìdáhùn ò lè yí padà."

Wọ́n pe Adétóun jáde. Ó kúnlẹ̀ fún àwọn àgbà. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n máa ń béèrè.

"Adétóun, ṣé ká gba iṣu yìí?"

"Ẹ má gbà á, sà."

Theophilus rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé ojú ló ń ti ọmọ náà. Bàbá béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹ má gbà á, sà."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Theophilus. Bàbá béèrè lẹ́ẹ̀kẹta.

"Sà, ojú ìwé méjì ni wọ́n kọ, mi ò sí nínú ẹyọ kan. Ta gan-an ni wọ́n wá fẹ́?"

Àwọn ìyàwó ilé ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà gbogbo pálọ̀. Ojú ti Theophilus débi pé kò rántí irun orí rẹ̀. Bí Adétóun ṣe ń wọlé lọ, ó wá dun Theophilus gan-an, nítorí ó fẹ́ràn ọmọ náà.

Ọ̀sán gangan ni Theophilus àti ẹbí rẹ̀ jáde sí títì, tí aládùúgbò ń wò wọ́n. Bàbá Simeon nawọ́ sí ẹrù tí wọ́n dá padà fún wọn.

"Theophilus, wá gbé iṣu. Òun nìkan ni kò lẹ́nu tó máa fi kọ̀ ẹ́."