Òkun-Ìmọ̀ Lọ Ra Pẹ́ńsùlù

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tọrọ gáfárà kó tó gba ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ ti rí tíṣà kíláàsì kejì nìyẹn. Òkun-Ìmọ̀ lorúkọ tó ń jẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ láàárọ̀ ọjọ́ kan níwájú dígí, ó sì dáhùn fúnra rẹ̀ pé, "Hẹn, sà." Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kò bá a jiyàn. Wọ́n kàn yí ohùn rẹ̀ padà díẹ̀ ni: Okùn-Ìmọ̀ ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Okùn gbọọrọ tí kò so ẹran kankan mọ́lẹ̀.

Òkun-Ìmọ̀, ọkọ dígí! A-wúkọ́-kí-gbogbo-ilé-ìwé-gbọ́! Ọ̀mọ̀ràn tó ń fi ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ṣe fáàrí! Bó bá sín níwájú kíláàsì, yóò na ìka sókè, yóò ní, "Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀."

Kí ni wọ́n fẹ́ fi kọ ọ́? Pẹ́ńsùlù ti tán ní kíláàsì kejì. Àwọn tó kù ti kúrú débi pé ìka ọmọ ló ń kọ̀wé, pẹ́ńsùlù kàn tẹ̀ lé e ni. Ọmọ méjì ló ń pín ẹyọ kan lò: bí ọ̀kan bá ń kọ, èkejì á máa ṣọ́ ọ bí ológbò ṣe ń ṣọ́ eku. Ṣọ́ọ̀kì ti di èérún. Àlùmọ́gàjí kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ kò lè gé bébà mọ́, ṣe ló ń fi èrìgì jẹ ẹ́ bí arúgbó tí kò léyín.

Ìdí nìyí tí àwọn òbí fi dáwó jọ. Màmá Ọ̀gá, ìyẹn obìnrin tó ń darí ilé-ìwé náà, ló pe Òkun-Ìmọ̀ sí ọ́fíìsì, tó fi owó náà lé e lọ́wọ́.

"Tíṣà, ẹ lọ ra ohun tó máa wúlò fún àwọn ọmọ. Pẹ́ńsùlù, ṣọ́ọ̀kì, gọ́ọ̀mù, páálí aláwọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, àwọn òbí ń bọ̀ wá wò ó. Ẹ sì mọ̀ pé mò ń wá igbákejì."

Etí Òkun-Ìmọ̀ dìde dúró. "Mà, ẹ fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé fún òkun, odò ò gbọdọ̀ bi í léèrè."

"Òwe wo nìyẹn?"

"Tèmi ni, mà. Àárọ̀ yìí ni mo pa á."

Ká má purọ́ mọ́ ọn, ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Ìyá Oníwèé ló kọ́kọ́ dojú kọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ìwé, pẹ́ńsùlù àti gbogbo ohun tí ọmọ ilé-ìwé ń lò. Ṣùgbọ́n kó tó débẹ̀, ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan wà lójú ọ̀nà, kóòtù kan sì rọ̀ sẹ́yìn gíláàsì níbẹ̀. Kóòtù aláwọ̀ aró, bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán yànràn bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Kóòtù ń wò ó. Òun náà ń wo kóòtù. Òkun-Ìmọ̀ wọlé.

"Ta lẹ rán kóòtù yìí fún?" ló bi ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹni tó bá lówó ẹ̀ lọ́wọ́ ni, sà."

"Rárá o. Èmi lẹ rán an fún. Ẹ ò kàn tíì mọ̀ mí nígbà náà ni."

Ó wọ̀ ọ́. Ó yípo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ara rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ nínú dígí. "Màmá Ọ̀gá ní kí n ra ohun tó máa wúlò. Ó dáa. Ojú ni ọmọdé fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Kí ni wọ́n ń wò láti àárọ̀ títí wọ́n á fi lọ sílé? Èmi ni. Nítorí náà, èmi gan-an ni ohun èlò kíláàsì. Bí ohun èlò bá sì gbó, ṣe la máa ń tún un ṣe."

Kó tó parí ọ̀rọ̀, owó àwọn òbí ti parí.

Ìyàwó rẹ̀ rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń wò ó láti òkè délẹ̀.

"Bàbá ilé, ṣebí pẹ́ńsùlù lẹ ní ẹ lọ rà?"

"Wo àpò tó wà lára kóòtù yìí. Ibẹ̀ ni pẹ́ńsùlù máa wà."

"Mo rí àpò. Pẹ́ńsùlù dà?"

"Ìwọ obìnrin yìí, a kì í ra pẹ́ńsùlù ká tó ra àpò. Ṣé orí ni kí n máa fi gbé e ni?"

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi di férémù ilẹ̀kùn mú. Nígbà tó mí, ó ní, "Ó dáa náà. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ óò rí àpò fi han àwọn ìyá ọmọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Òkun-Ìmọ̀ lára. Ó jókòó, ó ronú, ó dìde, ó tún jókòó. Nígbà tó yá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín tó bá ti rín bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹni tó bá gbọ́n a kúrò lọ́nà.

Nígbà tí Ẹtì ku ọ̀la, ó wọ kóòtù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Oníwèé.

"Ìyá, ẹ kó gbogbo ohun tó dára jù jáde."

Inú Ìyá Oníwèé dùn. Ó kó pẹ́ńsùlù tuntun jáde nínú páálí wọn, ó kó ṣọ́ọ̀kì funfun àti aláwọ̀, gọ́ọ̀mù inú ìgò, àlùmọ́gàjí tí ẹnu rẹ̀ ń kọ mànà, àti páálí pupa, ti yẹ́lò, ti búlúù. Òkun-Ìmọ̀ ń gbóòórùn pẹ́ńsùlù bí ẹni tó ń yan lọ́fínńdà.

"Mo gbà á, ìyá. Gbogbo rẹ̀."

"Ẹ ṣeun, sà. Owó ńkọ́?"

"Owó kẹ̀? Ẹ ò ní jẹ́ káwọn òbí kọ́kọ́ rí i? Bó bá wù wọ́n lọ́la, mo san owó. Bí kò bá wù wọ́n, mo kó o padà lọ́sàn-án bó ṣe wà. Èmi Òkun-Ìmọ̀ ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ìyá Oníwèé wo kóòtù, ó wo bọ́tìnnì. Ta ló máa rò pé irú bọ́tìnnì yẹn lè purọ́? "Kò burú. Ṣùgbọ́n èyí tí ọmọ bá fọwọ́ lò, mo ti tà á nìyẹn o."

"Ọmọ wo? Àwọn ọmọ mi ò tó bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́, ó to ọjà Ìyá Oníwèé sórí tábìlì iwájú bí ẹni tó ń to ẹyin. Ó kọjú sí àwọn ọmọ. "Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má sín sí i. Ẹ tiẹ̀ dín èémí kù."

Àwọn òbí wọlé, wọ́n jókòó sórí àga àwọn ọmọ wọn, orúnkún wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Màmá Ọ̀gá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Òkun-Ìmọ̀ gbọn kóòtù, ó wúkọ́.

"Ẹ̀yin òbí, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi! Mo rìn, mo ná, mo yàn. Oòrùn pa mí. Ṣùgbọ́n kí ni tíṣà gidi ò lè fara dà nítorí ọmọ?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá kan tiẹ̀ nu ojú. Màmá Ọ̀gá mi orí bí ẹni tó ti rí igbákejì.

Bàbá ọmọ kan gbọ̀nà orúnkún rẹ̀ yọ orí. "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lò ó ká rí i."

"Kí wọ́n lò ó kẹ̀?"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ṣebí torí ẹ̀ la ṣe rà á?"

"Ẹ̀gbọ́n, ohun èlò tó bá dáa, wíwò ni wọ́n ń wò ó. Ẹ ń rí òṣùpá, àbí? Ṣé ẹ ti lò ó rí?"

Àwọn òbí ń wo ara wọn. Màmá Ọ̀gá ò bá òṣùpá lọ ní tirẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ," ló wí, "ó yá."

Háà! Ọmọ tó ti ń fi kùkùté pẹ́ńsùlù kọ̀wé láti ọjọ́ yìí, kí lẹ rò pé ó máa ṣe? Wọ́n ya bo tábìlì náà bí omi tó já odi. Àwọn kan ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù lẹ́nu, àwọn kan ń gé páálí pupa sí ìràwọ̀, ìgò gọ́ọ̀mù ṣí pọ́ọ̀! Òkun-Ìmọ̀ ń sáré láti orí àga dé orí àga.

"Ẹ dá a padà sínú páálí! Má gbẹ́ ẹ! Ìwọ, tún un dì!" Ó wólẹ̀, ó ń ṣa èérún pẹ́ńsùlù jọ bí ẹni pé ó lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ra padà. Ọmọbìnrin kékeré kan lẹ ìràwọ̀ yẹ́lò mọ́ páálí búlúù, ó gbé e hàn án. "Sà, ó rẹwà, àbí?"

"Yọ ọ́ kúrò!" ni Òkun-Ìmọ̀ kígbe. "Ọjà ọlọ́jà ni!"

Màmá Ọ̀gá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Ọjà ta ni?" ni Màmá Ọ̀gá bèèrè.

"Ọjà tèmi ni," ni ohùn kan dáhùn lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Oníwèé ò lè dúró de ọ̀sán, ó ti dé láti wá kó ẹrù rẹ̀. Ó wo pẹ́ńsùlù tó ti lẹ́nu, ó wo gọ́ọ̀mù, ó wo ìràwọ̀, ó sì fọwọ́ lé ìbàdí. "Ẹ kú oríire, sà. Ẹ ti ra gbogbo rẹ̀ tán. Owó mi dà?"

Gbogbo ojú yí sí Òkun-Ìmọ̀. Ó wo àjà.

"Tíṣà," ni Màmá Ọ̀gá wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "owó tí mo fún yín ńkọ́?"

"Kò sọnù, mà! Ó wà lára mi. Bọ́tìnnì tí gbogbo yín ń wò yìí, owó àwọn òbí ọ̀wọ́n ni. Èmi gan-an ni mo jẹ́ ohun èlò..."

"Ẹ ṣeun," ni bàbá orúnkún dá sí i. "Ṣé ọmọ mi lè wá fi yín kọ A, B, D?"

Ẹ̀rín bẹ́. Màmá Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ bọ́ kóòtù yẹn fún Ìyá Oníwèé. Àwọn ọmọ ni wọ́n ni pẹ́ńsùlù."

"Mà, òtútù ń mú mi." Òógùn sì ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀ tó, tó, tó.

"Ẹ bọ́ ọ."

Ó bọ́ ọ bí ẹni tó ń bọ́ awọ ara rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì funfun báláú ni, kọ́là le gan-an, táì wà lọ́rùn. Ó tún wá lẹ ẹ̀yìn mọ́ pátákó ìkọ̀wé bí aláǹgbá.

"Ó dáa," ni Màmá Ọ̀gá wí. "Ẹ lọ dúró dè mí lọ́fíìsì."

Òkun-Ìmọ̀ ò kẹ̀yìn sí wọn. Ṣe ló ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, tó ń tẹrí ba ní gbogbo ìgbésẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ má bínú o. Ẹ kú ìjókòó." Àánú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn ìyá. Wọ́n ní ẹ wò ó, ó ti ronú pìwà dà, ó ń bọ̀wọ̀ fún wa.

Wọn ò mọ̀ pé iwájú ṣẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbó dànù tipẹ́, ìyàwó rẹ̀ sì ti fi àpò ọkà àwọn adìyẹ lẹ̀ ẹ́, nítorí ọkọ rẹ̀ ní ta ni yóò rí i.

Ariwo ti kó gbogbo ilé-ìwé jáde. Kíláàsì kìn-ín-ní, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà, ló tò sí ọ̀ọ̀dẹ̀, tíṣà wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Òkun-Ìmọ̀ fẹ̀yìn jáde sí wọn lójú, ó ṣì ń tẹrí ba. Lẹ́tà ńláńlá ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ kan na ìka. Ó ń kà á díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó kù dara pọ̀ mọ́ ọn, ohùn wọn sì gba gbogbo ọgbà kan:

"O-ún-jẹ... a-dì-yẹ!"

Tíṣà wọn ò mọ ìgbà tó pàtẹ́wọ́. Iṣẹ́ ti mọ́ ọn lára jù.

"Ẹ káre, ẹ̀yin ọmọ mi!" ló wí. "Ẹ tún un kà, kó lọ sókè!"