Bí Oyèlérè Ṣe Ta Jìtá Sin Ìyá Rẹ̀

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko? Ẹ má sọ fún mi pé òwe yìí ti wà kí jìtá tó dé ilẹ̀ wa. Ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni? Ẹ jókòó jẹ́ẹ́.

Oyèlérè káfíńtà ni mo ń wí. Nígbà tí àìsàn dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀, ìyá dì í lọ́wọ́ mú, ó ní, "Lérè, ìwọ ni kí o ta jìtá bàbá rẹ níwájú pósí mi. Orin tí mo fi ń rẹ̀ ọ́ lẹ́kún ni kí o ta dé ojú sàréè. Má háyà ẹlòmíì o." Oyèlérè ní òun gbọ́. Kò ta jìtá rí. Lọ́jọ́ kejì, ìyá kú.

Bàbá Ẹ́núọ́kù tó ń ta jìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́ ọ. Ọ̀nà mẹ́ta péré ni ìka ń gbà tẹ okùn nínú orin náà, kọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni kí ìka tètè kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Àmọ́ ọwọ́ tó ti fi ogún ọdún di òòlù mú ni Oyèlérè fi fún jìtá lọ́rùn. Ó tẹrí kodò, ó ń wo ìka bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.

"Dẹ ọwọ́. Na ẹ̀yìn rẹ. Gbójú sókè."

"Bàbá, tí mo bá dẹ̀ ẹ́, á bọ́."

Ọjọ́ ìsìnkú pé. Ní àdúgbò wọn, ẹsẹ̀ àwọn tó ru pósí kì í ṣí àfi tí orin bá ṣí, wọn kì í sì í sọ òkú kalẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìfẹ́ ìyá ló mú kí Oyèlérè fi igi ìrókò kan pósí ọ̀hún. Ọkùnrin mẹ́fà rù ú. Ó ta kọ́ọ̀dù kan, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan. Ó wá ń fi ọwọ́ ọ̀tún tú ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò lára okùn. Wọ́n dúró sínú oòrùn. Pásítọ̀ ka ibì kan náà nínú Bíbélì lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Nígbà tó di wákàtí méjì, Jeremáyà tó ru pósí níwájú ní, "Lérè, bí o bá fẹ́ pa wá kún ìyá rẹ, sọ fún wa."

Oyèlérè tún tú ìka kan. Omijé ń kán sórí ìka rẹ̀. Ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kí pósí dé ojú sàréè. Ó ń wo ìka, ó ń rìn lọ, kò rí sàréè. Ó já sínú rẹ̀ gbì, ó nà gbalaja.

Bàbá Ẹ́núọ́kù sáré dé etí ibẹ̀. "Ṣé o wà láyé?"

"Ọwọ́ mi ti kú, Bàbá. N ò lè fún jìtá yìí lọ́rùn mọ́. Mo ti já ìyá mi kulẹ̀."

"Ẹ̀yìn rẹ ti nà wàyí, o ò sì rí ìka rẹ nínú òkùnkùn ibẹ̀ yẹn. Rọra ta á. Àwọn èèyàn ń kú lọ lábẹ́ ìrókò."

Ó kàn fọwọ́ lé okùn ni. Kọ́ọ̀dù kan dún, ó bọ́ sí èkejì, ìkẹta tẹ̀ lé e, orin ìyá rẹ̀ ń jáde látinú ilẹ̀. Àwọn tó ru òkú rìn, wọn ò dúró níbì kankan. Ó dùn débi pé wọ́n ti ń fi okùn sọ pósí kalẹ̀ kí ẹnì kan tó rántí pé ọmọ òkú ṣì wà nísàlẹ̀.

Wọ́n fà á jáde. Jìtá ò ní ojú ọgbẹ́ kan. Bàbá Ẹ́núọ́kù gbọn iyẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko."

Jeremáyà ní, "Ẹ bi èjìká mi."