Òpó Iná Mẹ́sàn-án sí Òkè Táǹkì

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, kí oòrùn tó mú, Télọ̀ gbé kẹ̀kẹ́ eré-ìje àlòkù rẹ̀, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ká wálẹ̀ bí ìwo àgbò, dúró sí ìsàlẹ̀ òkè tí táǹkì omi àdúgbò wà lórí rẹ̀. Dókítà ló sọ fún un pé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wú kò fẹ́ ìjókòó mọ́. Òpó iná mẹ́sàn-án ló wà láti ìsàlẹ̀ dé orí òkè. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, òpó kejì ni kò ti rí èémí mí mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó dé òpó kẹrin.

Akọ̀wé, àbúrò ọkọ rẹ̀, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lórí àga rọ́bà, fèrè wà lọ́rùn rẹ̀, ìwé ńlá kan wà lórí itan rẹ̀. Òun ni kóòṣì. Ọmọ ọdún méje péré ni nígbà tí Télọ̀ wọlé ọkọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ìyàwó bá nílé lọ̀gá ìyàwó: "ẹ" ni Télọ̀ ń sọ sí i, "o" ni òun ń sọ padà.

"Ìyàwó," Akọ̀wé ní, "ìtẹ̀síwájú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé ni."

"Ẹ ṣeun, Akọ̀wé. Ṣé kí n wá gun ìwé náà ni?"

"Gbọ́ mi yé. Ìpele mẹ́rìnlá ló wà nínú ìlànà tí mo kọ. Ìpele kẹta lo wà. Láti àná ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rẹ."

"Èmi náà ń rò ó. Ó ń dùn mí."

"Ó yẹ kó dùn ẹ́. Ó wà lójú ìwé kọkànlélógún."

Télọ̀ dé akoto rẹ̀, ó bo etí méjèèjì, ó gun kẹ̀kẹ́. Akọ̀wé fọn fèrè.

"Tẹ̀ ẹ́, Ìyàwó. Tẹ̀."

Télọ̀ dúró. "Ta ló tẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó tẹ́. Mo ní kí o tẹ̀."

"Kí n tẹ́? Lójú ta ni? Àárọ̀ la wà yìí, kò tíì sẹ́ni tó jí."

"Tẹ̀, Ìyàwó. Ẹsẹ̀ ni kí o fi tẹ̀ ẹ́."

"Ó ti yé mi. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì, mi ò tíì kúrò lójú kan. Ẹ jẹ́ kí n wo bí èyí ṣe ń rìn."

Ó gbéra. Eré tó ń sá kò kúkú ju ohun tí Akọ̀wé lè fẹsẹ̀ rìn bá lọ. Akọ̀wé gbé àga ka orí, ó há ìwé mọ́ abíyá, ó ń tẹ̀ lé e. Wọ́n kọjá òpó kìíní. Wọ́n kọjá ìkejì.

"Ìyàwó, atẹ́gùn ń bọ̀ níwájú. Fara pamọ́."

"Kí n fara pa?"

"Fara pamọ́ ni mo wí."

"Dókítà ní kí ẹsẹ̀ mi má wú mọ́. Kò bá mi sọ ti ọgbẹ́."

"Mọ́, Ìyàwó. O ò gbọ́ 'mọ́' tó wà níbẹ̀?"

"Kí n fara pa, kí n sì mọ́? Àbí kí n kọ́kọ́ lọ wẹ̀?"

"Tẹ̀ba ni mo ní kí o tẹ̀ba, kí atẹ́gùn lè gba orí rẹ kọjá. Ó dáa, fi ìyẹn sílẹ̀. Fọwọ́ sílẹ̀."

"Kí n fọwọ́ ṣe kí ni?"

"Sílẹ̀. Méjèèjì. Fọwọ́ méjèèjì sílẹ̀."

Télọ̀ kì í bá ará ilé ọkọ jiyàn. Ó fọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọjá òpó kẹrin, kẹ̀kẹ́ yà bàrá sí apá òsì, ó gbé e wọ inú igi òdòdó tí wọ́n fi ṣe ọgbà yí ilé kan ká. Ewé mì fún ìgbà díẹ̀, ó sì dákẹ́.

"Akọ̀wé," ohùn kan wí nínú igi, "mo ti fọwọ́ sílẹ̀. Kí ló kàn?"

"Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni mo ní kí o fọwọ́ mú nísàlẹ̀, níbi tó ti ká."

"Ọwọ́ mélòó ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Ó wà lójú ìwé kejìdínlógún."

"Ẹ bá mi ṣí i. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ bí èèyàn ṣe ń jáde nínú igi síbẹ̀."

Akọ̀wé sọ àga kalẹ̀, ó jókòó, ó sì ṣí ìwé lóòótọ́. Kó tó rí ojú ìwé náà, Télọ̀ ti jáde fúnra rẹ̀, ó ti yọ ewé kúrò lọ́rùn, ó ti dá ṣéènì tó já bọ́ padà sáyè rẹ̀.

"Ó ṣeni láàánú," Akọ̀wé ní, ó ń kọ nǹkan. "Ẹni tó bá ṣubú, ìpele kìíní ló ń padà sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí o tó padà síbi tí o wà."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà?"

"Ìlànà ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Télọ̀ lára ju ìṣubú lọ. Ó wo òkè, ó wo òpó márùn-ún tó kù. Bí aṣọ bá ya lọ́wọ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ṣé òwú ló máa ń padà lọ gbìn?

"Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ẹ sinmi. Bí mo bá ń rán etí aṣọ gígùn, n kì í wo ibi tí aṣọ pin sí. Abẹ́ abẹ́rẹ́ ni mo máa ń wò."

"Kò sí abẹ́rẹ́ nínú ìlànà mi."

"Mo mọ̀."

Ó yí gíà sí èyí tó fúyẹ́ jù. Kò wo òkè mọ́. Ilẹ̀ tó wà níwájú táyà nìkan ló ń wò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ jẹ́jẹ́ bí ìgbà tó bá ń rán aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Òpó karùn-ún kọjá. Ní òpó kẹfà, itan rẹ̀ ń ta á bí ẹni pé wọ́n fi ata pa á. Ní òpó keje, ó bú ẹni tó dá òkè sáyé. Ní òpó kẹjọ, ó rántí ẹni tó dá a, ó sì tọrọ àforíjì. Ìgbà tó máa gbójú sókè, irin táǹkì ló rí. Ó fọwọ́ kàn án. Ó tutù. Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí Akọ̀wé lórí àga, kò tóbi ju bọ́tìnnì lọ. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òógùn ni.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, tí búréékì ń han bí ológbò, Akọ̀wé ti ń kọ̀wé lọ ràì.

"Kí lẹ̀ ń kọ, Akọ̀wé?"

"'Lónìí, kóòṣì gun òkè táǹkì.'"

"Kóòṣì wo?"

"Èmi. Ohun tí ọmọ iṣẹ́ bá ṣe, ọ̀gá rẹ̀ ló ṣe é."

"Òótọ́ ni. Kẹ̀kẹ́ nìyí. Ẹ kàn gùn ún dé òpó karùn-ún, kí n wo bí wọ́n ṣe ń fara pamọ́."

Akọ̀wé wo kẹ̀kẹ́ náà bí ẹni wo ajá tí kò mọ̀ rí. "Ìjókòó rẹ̀ ga."

Télọ̀ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

"Bàtà mi ń yọ̀."

"Ẹ bọ́ ọ."

Akọ̀wé bọ́ bàtà. Ó tún un wọ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ìyàwó, mi ò mọ̀ ọ́n gùn."

"Òkè?"

"Kẹ̀kẹ́."

Télọ̀ nàka sí ìwé ńlá náà. "Odidi ìwé tí ẹ kọ ńkọ́?"

"Kò síbi tí mo kọ ọ́ sí pé mo mọ̀ ọ́n gùn. Lọ kà á wò."

"Ta ló wá fi yín ṣe kóòṣì?"

"Mo kàn máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn, wọ́n á sì rò pé mo mọ̀ ọ́n ṣe." Ohùn Akọ̀wé rẹlẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́. Ọ̀gá wa dá ẹgbẹ́ ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní èmi ni màá ṣe aṣáájú. Sátidé tó ń bọ̀ la máa kọ́kọ́ jáde. Ogójì kìlómítà."

Ẹ̀rín gbọ̀n Télọ̀ nínú, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Òun ló rán ṣòkòtò iléèwé àkọ́kọ́ tí Akọ̀wé wọ̀. Ó ti kẹ̀kẹ́ mọ́ ògiri ilé tó wà nítòsí, ó di ìjókòó mú.

"Ẹ gùn ún. Ẹ fi èjìká ti ògiri."

Akọ̀wé gbé ẹsẹ̀ kan kọjá, ó jókòó, ó rọ̀ mọ́ ògiri bí alángbá.

"Ìyàwó, ẹ dì í mú."

Láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí Télọ̀ ti wọlé ọkọ, "ẹ" àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Mo dì í mú."

"Ẹ má tì í."

"Mi ò tì í."

"Ó ń rìn."

"Kò rìn, Akọ̀wé. Ẹ̀yin lẹ̀ ń gbọ̀n."

Fóònù dún nínú àpò Akọ̀wé. Ó wo orúkọ tó wà lójú rẹ̀, ó wú ikọ́, ohùn rẹ̀ sì di ti ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Bẹ́ẹ̀ ni sà, orí kẹ̀kẹ́ ni mo wà báyìí gan-an. Òkè táǹkì, sà. Rárá sà, kò rẹ̀ mí rárá." Ó tẹ́tí. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó fọwọ́ bo fóònù.

"Ẹ gbà mí, Ìyàwó. Ọ̀gá ti wà lórí kẹ̀kẹ́ tiwọn, ní ìsàlẹ̀ òkè yìí. Wọ́n ní ká jọ máa lọ, wọ́n ní ṣé mo ti ṣetán. Kí ni kí n wí?"

"Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin ti ṣetán," Télọ̀ ní. "Ògiri tí ẹ jọ ń lọ ni kò tíì múra."