Ìwo Méjì Lẹ́yìn Píkọ́ọ̀pù

Ohùn ọkọ mi tí mo gbọ́ kẹ́yìn, lórí fóònù ni, ọ̀rọ̀ sálẹ́ńsà, páìpù èéfín ọkọ̀, ló sì ń sọ. "Ìyá Máyọ̀wá, ìdérí ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi sí i. Tí wọ́n bá parí ìyẹn, ó kan ilẹ̀kùn tìẹ." Mo ní ẹ ṣeun. Ó pa fóònù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín. Olúfúnṣọ́ ọkọ mi, A-jí-nu-dígí, A-rìn-bí-ẹni-tí-oní-fọ́tò-ń-tẹ̀-lé! Tó bá wọ bàtà tuntun, ojúlé mẹ́wàá ló máa gbà kọjá kó tó dé ibi tó ń lọ. Ó ra píkọ́ọ̀pù àlòkù kan tí a fi ń kó kòkó láti Omifúnfun wá sí Odígbó. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tèmi kì í ṣí láti inú. Tí mo bá fẹ́ sọ̀, àfi kí òun kọ́kọ́ sọ̀, kó yí wá sọ́dọ̀ mi, kó ṣí i láti ìta. Ọdún méjì ni mo fi bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un ṣe. "Mo ti gbọ́," ni yóò wí.

Nínú ìjọ wa, ipò Bàbá Ìjọ ṣófo. Ẹni méjì ni gbogbo wa ń wò: ọkọ mi, àti Bàbá Fádáre, tó ń gun ọ̀kadà wá sí ìsìn, tó ń ká sùtánà rẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù kó má bàa dọ̀tí. Ọjọ́ ìkórè ni wọ́n máa kéde. Ọkọ mi ò fẹ́ ipò náà ní kékeré o. Ó ti ń dánrawò bí yóò ṣe máa jókòó.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Wòlíì nawọ́ sí i láàárín ìsìn. "Ọlọ́run yóò gbé ìwo rẹ ga lójú gbogbo ìjọ!"

Gbogbo wa ní àmín. Ẹni tó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà mọ̀ pé iyì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi náà mọ̀. Àmọ́ bí a ṣe ń lọ sílé, tírélà kan kọjá lára wa, sálẹ́ńsà méjì nà ró lẹ́yìn orí rẹ̀, èéfín ń jáde lókè. Ọkọ mi tẹ bíréèkì.

"Ìyá Máyọ̀wá, o rí ìwo?"

"Sálẹ́ńsà ni mo rí, Bàbá Máyọ̀wá."

"Ìdí nìyẹn tí Wòlíì ò fi bá ìwọ sọ̀rọ̀."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá wa ní Ọ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ Àzíìz tó ń jó sálẹ́ńsà létí títì. Àzíìz to oríṣi páìpù mẹ́ta sílẹ̀ fún wa, méjì méjì. Ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀kan ní ìdérí tí èéfín fúnra rẹ̀ ń ṣí. Ẹ̀kẹta ga gbọnrangandan, ó lanu sójú ọ̀run. Ara tírélà tó dojú dé ni wọ́n ti tú u.

"Bàbá, ẹ mú èyí tó tẹ̀. Òjò ò ní lè wọ̀ ọ́."

"Kí ìwo mi wá máa wo ẹ̀yìn bíi ti ewúrẹ́?"

"Ẹ mú èyí tó ní ìdérí, nígbà náà."

"O ti rí ọba tó dé fìlà lé adé?"

"Èyí tó ga yìí á máa kan igi kòkó o."

"Kí wọ́n gé igi kòkó náà!"

"Igi kòkó ta ni, Bàbá?"

"Tèmi!"

Àzíìz wò mí. Èmi náà wo ilẹ̀kùn mi. Mo ní, "Ọmọ mi, bóo bá parí, bá mi wo ilẹ̀kùn yìí."

Ọkọ mi ní, "Ta ló máa ráyè wo ilẹ̀kùn, tí ìwo bá ti wà lókè?"

Nígbà tí ìkórè ku ọ̀la, ó gbé ọkọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nírọ̀lẹ́, tòun ti páìpù gíga méjì tí Àzíìz ti jó mọ́ ọn lẹ́yìn, ó fi í sílẹ̀ sẹ́nu géètì, kí ẹni tó bá ń kọjá lè béèrè pé ta ló ni ín. Òjò rọ̀ di àárọ̀. Àwọn ìwo lanu, wọ́n ń mu.

Lọ́jọ́ ìkórè, ọ̀kadà ni a gùn dé géètì, kí a tó wá wọ píkọ́ọ̀pù. Láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ò tó ogójì ìṣísẹ̀. Ìjọ ti tò sápá ọ̀tún àti òsì, ẹsẹ̀ lásán, sùtánà funfun báláú, agogo ń dún. Bàbá Fádáre wà nínú, ó ń to iṣu síwájú pẹpẹ.

"Bàbá Máyọ̀wá, ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ rìn."

"Ẹni tí wọ́n gbé ìwo rẹ̀ ga ló máa fẹsẹ̀ rìn?"

Ó ṣáná sí ọkọ̀, ó rọra wà á bí ẹni gbé ìyàwó. Láàárín èrò gan-an ló dúró, ó ní kí pẹpẹ gbọ́ ohùn ìwo òun, ó wá fi gbogbo ẹsẹ̀ tẹ iná.

Ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ìwo méjèèjì sì bì.

Omi dúdú bí epo ẹ́ńjìnnì àlòkù fò sókè, ó já lé akọrin, ó já lé agbàlejò, ó já lé fìlà Wòlíì, ó sì gba fèrèsé já lé ọkọ mi lára. Agogo dákẹ́. Ìyá Loveth, olórí akọrin, wo ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

"Bàbá Oníwo," ló wí, "ẹ kú ìkórè o!"

Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín. Èmi fẹ́ sá. Ilẹ̀kùn ò ṣí. Èmi nìkan ni mo ṣì funfun níbẹ̀, bí ẹyin nínú àpò èédú. Ọkọ mi ní láti sọ̀, kó fi ẹsẹ̀ lásán wọ́ omi dúdú náà kọjá lójú gbogbo wọn, kó yí wá ṣílẹ̀kùn fún mi.

Wòlíì nu ojú rẹ̀. "Bàbá Máyọ̀wá, mo ní Ọlọ́run yóò gbé ìwo yín ga. N ò ní kó bì."

Nínú gbogbo àgbà ìjọ, Bàbá Fádáre nìkan ni sùtánà rẹ̀ mọ́ tó ẹni tí wọ́n lè fi òróró yàn, òun náà ni wọ́n sì yàn. Ọkọ mi pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ń wò ó. Ó pa á dáadáa.

Nígbà tí a délé, ó rẹ sùtánà rẹ̀ sínú omi ọṣẹ. Ó wá ní, "Ìyá Máyọ̀wá, àmọ́ ó ga, àbí kò ga?"

Mo ní ó ga.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ló lọ bá Àzíìz fún ìdérí, ibẹ̀ ló ti pè mí. Lẹ́yìn ìpè yẹn ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní àyà ń dun òun díẹ̀. Kò dìde mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Àzíìz fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ náà wá fún mi. Ìdérí ti wà lórí ìwo méjèèjì, ó ń dán. Máyọ̀wá ọmọ wa ló ń fi gbé mi lọ sóko báyìí. Tí a bá dé, màá jókòó, títí yóò fi yí wá ṣílẹ̀kùn fún mi.

Wọn ò tíì tún ilẹ̀kùn náà ṣe.