Ẹja Sú Máníjà

Bí ìgbéraga bá jẹ́ epo rọ̀bì, ìjọba ì bá ti wá gbẹ́ kànga sí àyà Titus Ọ̀rẹ́dọlá ní Ibiade.

Ẹja gbígbẹ ni ọkùnrin náà ń tà, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé òun ló pọn omi kún ọ̀sà. Ọ̀gá Ibú ló ń pe ara rẹ̀. Ọkọ Àrọ̀. Baálẹ̀ Ẹja Aláìníkòkòrò. Ẹja kan wà nínú fìríìsà tí gbogbo ayé ń pè ní Titus. Ẹlòmíràn tó bá ń jẹ́ orúkọ ẹja, ojú á tì í. Ní ti Titus tiwa, ó ní òun ni wọ́n fi sọ ẹja lórúkọ.

Òótọ́ ni pé kòkòrò kì í bà lé ọjà rẹ̀. Eṣinṣin tó bá ń bọ̀ láti ìsọ̀ Ṣùkúrát, obìnrin tí wọ́n jọ pààlà lọ́jà, á fò dé ààlà, á wo ọ̀tún wo òsì, á sì yí padà. Bí wọ́n bá bi Titus ní àṣírí rẹ̀, á gbójú sókè.

"Àdúrà ni," á ní.

Inú ìgò ni àdúrà ọ̀hún wà. Láti ìgbà òjò tí kòkòrò ti jẹ apẹ̀rẹ̀ ẹja rẹ̀ di lẹ́búlẹ́bú ni Titus ti ń tilẹ̀kùn mọ́rí, tó ń fi ọta-píàpíà, oògùn tí à ń fi pa aáyán, fín ẹja láti orí dé ìrù. Zipporah ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Obìnrin náà bá a wí títí, ó sú u, ó sì dákẹ́.

Àmọ́ imú ológbò kì í dákẹ́. Àṣà kan wà ní ọjà ẹja yìí: kí oníbàárà tó ra apẹ̀rẹ̀ kan, á kán ìrù ẹja kan, á jù ú sí ológbò ìsọ̀. Bí ológbò bá jẹ ẹ́, ọjà tà nìyẹn. Kò sí ẹlẹ́ja tí kò ní ológbò. Ti Titus ń jẹ́ Máníjà, ológbò dúdú oníkùn rọ̀bọ̀tọ̀ tó máa ń jókòó sórí àpótí bí ẹni tó fẹ́ gba èèyàn síṣẹ́.

Ìyá Waris dé láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́jọ́ ọjà kan. Òun ni ìyá àwọn oníbàárà. Ẹja tó bá rà ló ń pín fún àwọn alátẹ ní Mamu àti Àgọ́-Ìwòyè, bẹ́ẹ̀ ni bó bá yà sí ìsọ̀ kan, gbogbo àwọn tó ń ra apẹ̀rẹ̀ á yà tẹ̀lé e. Bó bá kọ ẹja ẹnì kan, kí onítọ̀hún máa fi dáná.

Orí apẹ̀rẹ̀, níbi tí Titus máa ń to ẹja tí kò fín sí, ni ìyá yìí ti máa ń mú ẹja; lọ́tẹ̀ yìí, ìsàlẹ̀ ló ti fà á yọ, ó kán ìrù rẹ̀. Ó jù ú. Máníjà gbóòórùn rẹ̀, ó sín, ó kẹ̀yìn sí i, ó wá fẹsẹ̀ wa yanrìn bò ó bí ìgbà tó bá yàgbẹ́ tán.

"Bàbá Moyin," ni Ìyá Waris fi orúkọ ọmọ pe Titus, "ṣé ẹ rí i? Ó sin ín."

"Ó ti yó ni."

"Ẹni tó yó á fi oúnjẹ sílẹ̀ ni, éè gbẹ́ sàréè fún un. Mé è ra ẹja tí wọ́n ti sin."

 Titus rí àwọn oníbàárà yòókù tí wọ́n na ọrùn lẹ́yìn Ìyá Waris. Yàrá kan wà nílé rẹ̀ tí ẹja kún dé àjà. Bí obìnrin yìí bá fi lè lọ, ó parí. Irọ́ kan sì fò jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

"Ẹ bá mi kẹ́dùn ni, Ìyá Waris. Ara Máníjà kò yá."

"Kí ló ṣe é?"

"Àìsàn tó ṣọ̀wọ́n ni. Wọ́n ń pè é ní… ẹjasúmi."

"Ẹjasúmi?"

"Ológbò méjì péré ló tíì ṣe láyé. Ọ̀kan wà láàfin kan lókè òkun. Èkejì ló jókòó yìí."

"Kí wá ló dé bá ti òkè òkun?"

"Ó kú," Titus fèsì, ó sì nu ojú.

Ìyá Waris wo Máníjà. Máníjà ń fi ahọ́n tún irun rẹ̀ ṣe, kò jọ ẹni tó ń lọ sọ́run.

"Ó dáa. Mà á padà wá lọ́jọ́ ọjà mìíràn. Bó bá jẹ ẹ́, mà á rà á. Bí éè bá jẹ ẹ́, ọ̀dọ̀ Ṣùkúrát ni mo gbà lọ."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àìsàn náà ti ń wu Titus fúnra rẹ̀. Ẹran ọ̀sìn ta ní Ibiade ni irú rẹ̀ ti ṣe rí? Ti àwọn mẹ̀kúnnù, ikọ́ àti èkúkú ni. Ó fi ṣọ́ọ̀lù ọmọ di Máníjà, ó tẹ́ ẹ sórí àga onítìmùtìmù, ó gbé agbádá wọ̀, ó sì ń gbàlejò. Àwọn èèyàn ń wọlé wá kí i pé ẹ kú ìtọ́jú, Ọlọ́run á mójú tó o. Baba Zechariah, àgbà ìjọ aládùúrà tí Titus ń lọ, gbé àbẹ́là wá láti gbàdúrà.

"Kí lorúkọ ìyá rẹ̀?" Baba Zechariah bi í.

"A ò mọ̀ ọ́n, Bàbá. Inú ọkọ̀ ojú omi la ti rí i."

"Ẹrù àdúrà yìí wúwo o," ni bàbá wí, ó sì kúnlẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ológbò Ṣùkúrát yà síwájú ìsọ̀ Titus, ó gbóòórùn ẹja, ó sín, ó lọ. Titus pàtẹ́wọ́. "Ó ti ràn án!" Ológbò mẹ́ta mìíràn sín kí oòrùn tó kan àtàrí. Ìgbà tó yá, ajá Ṣàkírù ọlọ́kadà dé. Ajá yìí ti jẹ ọṣẹ, ó ti jẹ bàtà, ó ti jẹ ìdajì ìjókòó ọ̀kadà olówó rẹ̀. Òun náà fi imú kan ẹja Titus, ó há ìrù mọ́tan, ó sá.

"Ó ti mú ajá!" Titus ń fò sókè bí ẹni tí wọ́n bímọ fún. "Ẹ wá wò ó, àìsàn mi ti mú ajá!"

Zipporah fà á wọlé.

"Bàbá Moyin, gbogbo wọn ló ń jẹ ẹja níbòmíràn."

"Bí àìsàn náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó gbọ́n."

"Ẹja wa ni kò sàn."

"Ṣé ìwọ ni dókítà ni?"

"Rárá o. Èmi ni mo ń da ìgò rẹ̀ nù."

Titus kò gbọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ dókítà ló gbọ́. Bí dókítà tòótọ́ bá fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn yìí lórúkọ lójú ọjà, ta ni Ìyá Waris tó fi máa jiyàn? Ó gbé Máníjà sínú apẹ̀rẹ̀, ó wọ mọ́tò, ó di Àgọ́-Ìwòyè, lọ́dọ̀ Dókítà Rùkáyàt. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, dókítà ẹran, òun ló ń tọ́jú ajá àwọn olùkọ́ yunifásítì àti ológbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Dókítà tẹ Máníjà níkùn. Ó ṣí i lẹ́nu, ó wo èrìgì, ó wo etí, ó wo ìpéǹpéjú. Ìgbà tó gbé ìrù rẹ̀ sókè láti fi ẹ̀rọ wo bóyá ara rẹ̀ gbóná, Titus fò dìde.

"Dókítà! Máníjà lẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn sí?"

"Ibẹ̀ náà là ń gbà, Bàbá. Máníjà ò ní ibòmíràn."

Nígbà tí wọ́n fi ń sọ èyí, Máníjà ti bọ́ sílẹ̀, ó ti ṣí abọ́ oúnjẹ ọ̀sán dókítà, ó sì ti gbé odindi ẹja orí ìrẹsì mì. Ó tún ń lá abọ́.

"Ara rẹ̀ le koko," ni Dókítà wí, ó ń wo ìrẹsì tó kù fún un.

"Dókítà, mi ò gbé àìsàn kékeré wá. Àìsàn tó ṣọ̀wọ́n ni."

"Àìsàn tó ṣọ̀wọ́n wà lóòótọ́. Mo ti rí ajá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń bá ara rẹ̀ jà. Mo ti tọ́jú ológbò tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó ronú débẹ̀, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń fún un jẹ. Kí ló kọ̀ nílé yín?"

"Ẹja mi."

"Ṣé ẹ mú díẹ̀ dání?"

"Ẹja mi kì í rìnrìn àjò," Titus dáhùn kíákíá. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ wá sọ orúkọ àìsàn náà fún wọn lọ́jọ́ ọjà."

Dókítà wò ó dáadáa. "Mà á wá. Ohun tí mo bá sì rí ni mà á sọ."

Titus gbọ́ "mà á wá." Ìyókù bá afẹ́fẹ́ lọ. Ó fi gbogbo ọ̀nà yin ara rẹ̀: bí iyì ẹni bá pọ̀, dókítà á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá kí ológbò ẹni.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, ó háyà tẹ́ǹtì, ó háyà máìkì, ó to apẹ̀rẹ̀ ẹja rẹ̀ síwájú tẹ́ǹtì bí ọmọ ogun. Ẹni tó mọ iṣẹ́ òkùnkùn, kó má dá òṣùpá lóró. Titus tiwa lọ háyà òṣùpá. Ìyá Waris jókòó níwájú. Ọjà pé jọ.

"Ẹ̀yin ará Ibiade!" Titus ké. "Orí lẹja fi ń la ibú!"

"Orí náà ló ti ń kọ́kọ́ rà," ni Ìyá Waris dáhùn láti ibi tó jókòó.

Dókítà Rùkáyàt kò ráyè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kán ìrù ẹja Ṣùkúrát, ó jù ú sílẹ̀. Máníjà jẹ ẹ́. Ó kán ti ìsọ̀ kejì. Máníjà jẹ ẹ́, ó bẹ̀bẹ̀ fún sí i. Ó kán ti Titus. Máníjà sín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wa yanrìn.

"Ẹ rí i?" Titus pariwo sínú máìkì. "Ẹ rí ẹjasúmi lójúkojú?"

"Bàbá," ni Dókítà wí, "ìsọ̀ yín nìkan ni àìsàn náà mọ̀."

Ẹ̀rín bú. Ojú Titus pọ́n. "Ẹja mi kò lábùkù! Òun ni èmi àti ìyàwó mi ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́!"

Ìyá Waris dìde wọ́ọ́rọ́, ó mú ẹja kan nínú apẹ̀rẹ̀ Titus, ó nà án sí i. "Ó kúkú yá. Ẹ jẹ ẹ́ ká rí i."

"Mo ń gbààwẹ̀."

"Ààwẹ̀ èwo?" Baba Zechariah béèrè láti ẹ̀yìn. "Èmi ni mo ń kéde ààwẹ̀. Mi ò tíì kéde kankan. Búrẹ́dì ṣì wà ní irùngbọ̀n yín."

Titus nu irùngbọ̀n. Ó gba ẹja náà. Ó gbé e sún mọ́ ẹnu, imú rẹ̀ sì kó jọ láìjẹ́ pé ó fẹ́ kó kó jọ. Gbogbo ọjà ń wò ó. Ìtìjú ń bọ̀, ìgbéraga kò sì gbà fún un láti sá. Ó gbé ẹja náà sílẹ̀, ó gbé máìkì sẹ́nu, ó sì fi gbogbo agbára pàṣẹ:

"Ẹ ò gbà mí gbọ́? Zipporah! Sáré lọ sílé, lọ gbé ẹja ilé wá, kí n jẹ ẹ́ lójú wọn!"



"Ẹja ilé kẹ̀?" Ìyá Waris ní. "Èwo wá ni ti àwa?"

 Gbogbo ojú yí sí Zipporah. Obìnrin náà kò bínú, kò sunkún. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ẹrù kalẹ̀ lórí.

"Ẹja ilé ti tán, Bàbá Moyin. Èyí tẹ́ ẹ fín ló kù."

Dókítà gbé ẹja náà sí imú, ó sì yára gbé e jìnnà. "Oògùn kòkòrò ni. Ẹ̀dọ̀ èèyàn ló ń bá jà, tọmọdé tàgbà. Ológbò yìí ò ṣàìsàn. Ó kọ̀ láti ṣàìsàn ni."

 Ẹ̀rín ti tán lójú Ìyá Waris. "Mo ti tà á," ni ó ń wí. "Mo tà á ní Àgọ́-Ìwòyè. Mo tà á fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Mo fi se ọbẹ̀ fún Waris." Ó kọjú sí Titus, ó já máìkì gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn obìnrin yòókù kò dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Wọ́n gbé ṣọ́bìrì lé Titus lọ́wọ́ pẹ̀lú agbádá lọ́rùn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ kòtò lẹ́yìn ọjà, òun ló ru ẹja rẹ̀ ní apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òun ló dà á sínú rẹ̀, títí dé èyí tó wà ní yàrá tó tì pa. Máníjà kò bá a dé ibi ìsìnkú náà. Ó ti kó lọ sí ìsọ̀ Ṣùkúrát.

Wọn kò lé Titus kúrò lọ́jà. Wọ́n ní kó máa tà, kó fi èéfín tòótọ́ yan ẹja bí gbogbo èèyàn. Ó yan án. Ó pàtẹ. Ṣùgbọ́n ológbò kan kò gbà láti jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀; ó mú wọn wá láti Ibiade, ó mú wọn wá láti òdìkejì omi, wọ́n sá. Ọjà láìsí ológbò, ta ló máa rà á? Àwọn obìnrin forí korí, wọ́n sì ṣe òfin kan tí kò le rárá.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, Ìyá Waris dé síwájú ìsọ̀ náà pẹ̀lú gbogbo àwọn oníbàárà lẹ́yìn rẹ̀. Titus Ọ̀rẹ́dọlá, Ọ̀gá Ibú, Ọkọ Àrọ̀, ló jókòó sórí àpótí.

Ìyá Waris kán ìrù ẹja. Ó jù ú sí i.

Titus fọwọ́ méjèèjì hán an. Ó jẹ ẹ́.

"Ẹ gbé e mì."

Ó gbé e mì.

"Ẹ la ẹnu ká wò ó."

Gbogbo ọjà tẹ̀ síwájú láti rí i. Titus la ẹnu.