Okùn Tí Kò Sí Nínú Mọ́tò Màmá Tíṣà

Ọjọ́ Ajé kan wà tí kò tíì tán lọ́kàn mi, n ò sì rò pé yóò tán láéláé. Ìgbà yẹn, ìlú le koko bí ojú ẹja. Epo bẹntiróòlù ti wọ́n débi pé ẹni tó bá rí jálá márùn-ún rà, àwọn aládùúgbò á máa kí i kú oríire. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ̀mù nídìí iṣẹ́ mẹkáníìkì ni. Ọ̀gá mi ní Àkúrẹ́ mọ iṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n mọ́tò àtijọ́ ló mọ̀, irú èyí tó jẹ́ pé bí o bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àyè wà níbẹ̀ tí o lè jókòó sí. Ohun tó mọ̀ náà ló kọ́ mi. Èyí tí kò kọ́ mi, ẹnu ni mo fi ń dí i.

Oníbàárà mi kan wà ní Ọ̀bà-Ilé tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá Tíṣà. Ó ti kọ́ni fún ọdún gbọọrọ ní ìlú Oǹdó kó tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ló fi mọ́tò kan ránṣẹ́ sí i, ó ń dán, ohun tó wà nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì fún mọ́ra bí ẹrù inú àpótí. Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé e wá kí n pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Nígbà tí mo ṣe é tán, mo ní kí n tún ṣe Màmá lóore. Mo po ọṣẹ mọ́ omi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á lé ẹ́ńjìnnì náà lórí bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ó mọ́ débi pé Màmá gbàdúrà fún mi. Bí mo bá mọ̀ ni, ǹ bá ti sọ fún un kó dá àdúrà yẹn dúró díẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, fóònù dún. "Ẹnjiníà, mọ́tò ò lọ mọ́ o!"

Nígbà tí mo débẹ̀, Màmá ti múra, ó gbá fáìlì kan mọ́ àyà. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa parí àyẹ̀wò àwọn òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Oǹdó, aago méjì ọ̀sán ni wọ́n sì máa tì í. Ẹni tí kò bá yọjú, wọ́n á kà á mọ́ òkú, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ á sì dúró. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ Màmá kan rí. Odidi ọdún kan ni ìyá yẹn fi ń wá ẹ̀rí kiri pé òun ṣì wà láàyè.

"Ṣé kí n sáré lọ sí gáréèjì ni?" ni Màmá bi mí. "Wọ́n ní mọ́tò Oǹdó méjì péré ló rí epo lónìí."

"Màmá, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, n ò mọ ibi tí mo ti rí i.

Mo ṣíná mọ́tò, ó dáhùn. Mo tẹ àsẹ́lérétọ̀, ó kàn ń kùn hùn-ùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Iná ẹ́ńjìnnì pọ́n lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Nínú ọkàn mi, mo ní okùn àsẹ́lérétọ̀ ló já, èyí tó máa ń ti abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ sídìí ẹ́ńjìnnì. Mo wá okùn yìí lókè, mo wá a nísàlẹ̀, mo fi tọ́ọ̀ṣì wá a lọ́sàn-án gangan. N ò rí i. Mo bá dìde, mo nu ọwọ́, mo fajú ro bí dókítà tó fẹ́ túfọ̀.

"Màmá, wọ́n ti jí okùn mọ́tò yín."

"Wọ́n jí i kẹ̀?"

"Ẹni tó jí i mọ iṣẹ́ gan-an ni, kò fi ojú àpá kankan sílẹ̀. Ta ló wa mọ́tò yìí gbẹ̀yìn?"

Délé ni, ọmọ àbúrò rẹ̀, tó wa Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Lójú ẹsẹ̀ ni Màmá pè é. "Délé, okùn wo lo yọ nínú mọ́tò mi?" Mo ń gbọ́ ohùn ọmọkùnrin náà nínú fóònù: "Okùn kẹ̀, Màmá? Mo lè fi Bíbélì búra!" Èmi aláìnítìjú wá rọra sọ sí Màmá létí pé: "Gbogbo wọn ló máa ń búra."

Ẹ̀yin èèyàn mi, irú mọ́tò yẹn kì í ní okùn rárá. Wáyà iná ló ń gbé ìròyìn ẹsẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọpọlọ mọ́tò. Ọpọlọ yẹn á wá pàṣẹ fún ẹ̀rọ kékeré kan pé kó ṣí ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Ilẹ̀kùn yìí ni wọ́n ń pè ní tọ́rótù. Ohun tí àwọn tó ṣe mọ́tò kò fi síbẹ̀ ni mo ní Délé jí.

Màmá fi awò sójú, ó fa ìwé mọ́tò náà yọ, ó ní ká wo ohun tí wọ́n kọ. Mo ní, "Màmá, ìwé kì í tún mọ́tò ṣe." Ó ṣí i díẹ̀, ó ní: "Wọ́n ní ká má da omi sí ẹ́ńjìnnì o."

Mo rántí omi ọṣẹ ọjọ́ Sátidé. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo ní: "Ti òyìnbó nìyẹn, Màmá. Omi tiwọn ló tutù jù." Ó mi orí, ó pa ìwé dé, ó gbà mí gbọ́. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Mo tú rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, mo rí irin pẹlẹbẹ róbótó kan níbẹ̀, ilẹ̀kùn tọ́rótù náà nìyẹn. Mo fi ìka kàn án, mo ní kí Màmá yí kọ́kọ́rọ́ láìṣíná, kó sì tẹ àsẹ́lérétọ̀. Irin tó ti ń sùn láti àárọ̀, ìgbà yẹn ló jí. Ó ṣí wàà, ìka mi sì yọ̀ wọlé. Inú mi dùn, mo kígbe pé: "Ó ti ń ṣiṣẹ́! Ẹ fi sílẹ̀!"

Màmá fi sílẹ̀. Irin bá pa dé mọ́ ìka mi.

"Yéè! Ẹ tẹ̀ ẹ́! Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́!"

"Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ ni àbí kí n fi sílẹ̀? Mú ọ̀kan!"

Kí ó tó tẹ̀ ẹ́, ìka mi ti wú bí ẹ̀kọ inú ewé. Irin náà sì tún padà sùn. Aago mọ́kànlá ti kọjá. Màmá ní: "Wọlé. Bó ṣe wà yìí la ó ṣe gbé e lọ."

Bí a ṣe ń rá pálá lọ ní ọ̀nà Oǹdó nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ ológeere kọjá lára wa. Nígbà tí a dé orí òkè kan, mo sọ̀ kalẹ̀ láti tì í. Àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti oko, tí wọ́n ru ẹ̀gẹ́, kọjá lára wa, ọ̀kan nínú wọn ní: "Ẹ kú usẹ́ o! Ṣé ká bá yín gbé mọ́tò náà rù ni?" Mo ṣáà ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo ń tì í lọ.

Nígbà tí a dé Ọ̀wẹ̀nà, mọ́tò dákẹ́. Orí wa ṣì ṣe ire, ríwáyà kan, ìyẹn ẹni tó ń tún iná mọ́tò ṣe, wà lábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bàbá àgbàlagbà ni. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò ó, kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan tó fi béèrè pé:

"Ta ló fọ ẹ́ńjìnnì yìí?"

Màmá fi ayọ̀ dáhùn: "Ọmọ mi yìí ni. Ọ̀fẹ́ ló ṣe é fún mi o."

Bàbá wò mí. Ó ní: "Ẹnjiníà, wá fọwọ́ ara rẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lára tọ́rótù yìí." Mo yọ ọ́. Omi kán tó, tó, tó sórí bàtà mi. Ó ṣì ń ta sánsán ọṣẹ. Bàbá ní díẹ̀díẹ̀ ló ń jò wọ ibi tí wáyà ti pàdé irin, ìyẹn ni kò fi dá mọ́tò dúró lójú ẹsẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ sórí òkúta. "Màmá, èmi ni mo fà á. Ẹ má bínú. Okùn tí mo ní Délé jí…"

"Okùn wo?" ni ríwáyà dá sí i. "Èyí ò lókùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é!" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó di igi mú kó má bàa ṣubú. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó pe Délé, ó na fóònù sí mi. Mo tọrọ àforíjì lójú pópó, Délé sì sọ pé: "Ó dáa. Ṣáà bá mi gbé Màmá dé Oǹdó."

Bàbá fẹ́ omi yẹn dànù, ó nu irin orí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ó sá a sóòrùn díẹ̀, ó tún kì í bọ àyè rẹ̀. Màmá tẹ àsẹ́lérétọ̀, mọ́tò hó yàà. Aago kan ti kọjá dáadáa. Eré tí ìyá yẹn sá lọ́jọ́ náà, n ò rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ arúgbó rí. Èmi ni mo ń pe Jésù.

Nígbà tí a dé gbọ̀ngàn àyẹ̀wò ní Oǹdó, akọ̀wé ti ń kó ìwé rẹ̀ nílẹ̀. Mo sáré ṣáájú, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Akọ̀wé náà wo èmi tí ọ́ìlì kùn lójú, ó wo Màmá. "Màmá, kí ló pẹ́ yín tó báyìí?"

Mo ti múra sílẹ̀ de ohun tí Màmá máa sọ nípa mi. Màmá ní: "Mọ́tò ló yọ wá lẹ́nu. Ọmọ mi yìí ló bá mi tì í."

Ọkùnrin náà yínmú, ó tún ìwé ṣí, Màmá sì fọwọ́ sí i pé òun ò tíì kú. Ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ yẹn dùn mí ju ìka mi tó wú lọ.

Nígbà tí a jáde, mo tún fẹ́ kúnlẹ̀, ó dá mi dúró. "Nígbà tí mò ń kọ́ni, ọmọ tó bá ní òun ò mọ̀ ọ́n, n kì í nà án. Èyí tó bá purọ́ ìdáhùn ni mo máa ń nà."

"Ẹ nà mí, mà."

"O ti tóbi jù fún mi. Lọ bá bàbá Ọ̀wẹ̀nà yẹn kó kọ́ ẹ níṣẹ́."

Mo lọ lóòótọ́. Oṣù mẹ́jọ ni mo lò lábẹ́ igi yẹn. Lónìí, bí mọ́tò bá dé tí n ò mọ ohun tó ń ṣe é, mo máa ń sọ ọ́ gbangba pé n ò mọ̀ ọ́n, pé kí wọ́n fún mi láyè kí n yẹ̀ ẹ́ wò tàbí kí n béèrè. Àwọn kan á pòṣé, wọ́n á ní irú mẹkáníìkì wo nìyí, wọ́n á sì wa mọ́tò wọn lọ. Ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Wọn ò mọ ohun tó ná mi kí gbólóhùn kékeré yẹn tó lè jáde lẹ́nu mi.